Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Gba Ajá Aláàbọ̀ Ara Tọ́jú Títí Yóò Fi Rí Ilé Tirẹ̀

Ajá tí ọ̀kadà bá kọlù lójú títì, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì kán, kì í sábà rí ẹni gbà á. Bí kò bá kú lójú ẹsẹ̀, wọn a wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, oòrùn, ebi àti eṣinṣin a sì parí ohun tí ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí aláàánú bá gbé ló máa ń dé ibùdó ìtọ́jú ajá ní Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń bá ajá tó fọ́jú, èyí tó dití, èyí tí wárápá ń gbé àti èyí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ pín àyè kékeré. Inú kéèjì tí ariwo kì í ti í dá kò bá irú ajá bẹ́ẹ̀ lára mu, nítorí náà ni ibùdó ṣe ń wá alágbàtọ́, ìyẹn ẹni tí yóò gbé ajá náà sínú ilé ara rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, títí a ó fi rí ẹni tí yóò gbà á pátápátá.

Ajá mẹ́fà ni mo ti gbà tọ́jú báyìí ní ilé mi ní Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú wọn kò lè sàn kúrò nínú ohun tó ṣe wọ́n, mo sì ti kọ́ pé iṣẹ́ alágbàtọ́ ni láti mọ bí ajá náà ṣe ń jẹ, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń tọ̀ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ó mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ajá tó dé. Màá máa padà sórí ìwé yìí.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ gbà

Ẹ kọ́kọ́ wo ilé yín. Ajá tó yarọ kò lè gun àtẹ̀gùn, ilẹ̀ táìsì tó ń dán sì máa ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹní oníke tí a tẹ́ káàkiri yàrá lè yanjú ìyẹn. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ṣáájú, nítorí ajá tí onílé lé jáde ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò tún pàdánù ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọn lára. Ẹ bi gbogbo ará ilé léèrè pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tó ń yẹra fún ìtọ́ ajá nítorí ìrun, tàbí tí ajá ti bù jẹ rí, ẹ jọ fẹnu kò lórí yàrá tí ajá náà kò ní í wọ̀, kí ẹ sì mú àdéhùn náà ṣẹ.

Lẹ́yìn ilé, ẹ wo àkókò yín. Ajá tí kò lè tọ̀ fúnra rẹ̀ nílò ẹni tí yóò wà nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, oògùn wárápá sì gbọ́dọ̀ wọlé ní wákàtí méjìlá-méjìlá láìyẹ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ tó ń dé ní ìrọ̀lẹ́ lè tọ́jú ajá adití tàbí ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dáadáa, ṣùgbọ́n bí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ nílé, kí ó má gba ajá tí ẹ̀yìn rẹ̀ kán, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe é tó.

Nígbà tí ẹ bá dé ibùdó, ẹ bèèrè ọjọ́ tí ajá náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, bóyá ó ti bu ènìyàn jẹ rí àti ohun tó fà á, oògùn tó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tí yóò san owó dókítà ẹranko, àti ẹni tí yóò gba ajá náà padà bí àìsàn tàbí ìrìn àjò bá dé bá yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹni tí owó oògùn bá ká mọ́ lójijì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn, ajá ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ọjọ́ tó dé àti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, kí ẹ tó dé ilé. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta ń gba ajá, wọ́n sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ti mọ irú ọ̀ràn báyìí. Bí ajá náà kò bá tíì gba àjẹsára dìgbòlugi, tó sì ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó gbà á lọ́jọ́ náà tí dókítà bá rí i pé ara rẹ̀ gbé e, kí ó sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti yunifásítì kan sì máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Bí ajá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí onítọ̀hún sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fún un mọ́.

Bí ẹ bá ní ajá mìíràn nílé, ẹ ya àlejò yìí sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Àrùn páfò, tó máa ń fi ìgbẹ́ gbuuru onẹ́jẹ̀ pa ọmọ ajá, lè wà lára ajá fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí àmì rẹ̀ tó yọ, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Abọ́ tirẹ̀ ni kí ó máa lò, kí ẹ sì máa fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó lọ bá àwọn tó kù.

Ohun méjì tí mo ti rí tí àwọn ènìyàn fi pa ajá nígbà tí wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀ nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe dán wọn wò. Àkọ́kọ́ ni òtapìàpìà tí wọ́n ń dà sí ajá lára nítorí eégbọn; májèlé kòkòrò ni, ara ajá a fà á mu, ajá náà a sì lá èyí tó kù lára irun rẹ̀. Èkejì ni ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà nù, tí wọ́n ń fi pa ajá tí irun rẹ̀ ń re. Dókítà ní oògùn eégbọn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí èyí tí ajá ń gbé mì, ó sì ní oògùn tòótọ́ fún àrùn awọ ara. Bákan náà ni kí ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tàbí oògùn ìrora ènìyàn kankan, kí ẹ má sì fi ọbẹ̀ alálùbọ́sà fọ́ ẹ̀bà fún un, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìrẹsì tàbí ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja tí a sè láìsí ata àti àlùbọ́sà dára fún ọjọ́ díẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ oúnjẹ tó bá ipò rẹ̀ mu.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ bí kò bá pọn dandan, ẹ má pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó, ẹ sì gbé ibùsùn rẹ̀ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn mìíràn kì í jẹun títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí kò bá jẹun rárá di ọjọ́ kẹta, tàbí tó ń bì, kí ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ajá tó fọ́jú

Imú àti etí ni ajá afọ́jú fi ń ya àwòrán ilé sí ọkàn. Ẹ mú un rìn yíká yàrá kan ṣoṣo ní ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ibùsùn dé ibi omi, láti ibi omi dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì padà. Nígbà tó bá ń rin ọ̀nà náà láìforígbárí ni kí ẹ tó ṣí yàrá kejì fún un. Láti ọjọ́ yẹn, àga kò gbọ́dọ̀ kúrò láyè rẹ̀, korobá omi kò sì gbọ́dọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà. Ẹ tẹ́ ohun tó yàtọ̀ síwájú àtẹ̀gùn, irú bí àpò ìrẹsì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ yí padà. Ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, nítorí ajá tí a dì mú lójijì nínú òkùnkùn lè bu ènìyàn jẹ láìjẹ́ pé ó burú. Lọ́kì, abo ajá tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun, mọ gbogbo ilé mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún fi máa pé, òun ló máa ń ṣáájú mi dé ẹnu géètì bí ó bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

Ajá tó dití

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá adití kò ṣàìgbọràn. Ẹ fi ọwọ́ kọ́ ọ: àmì kan fún “wá”, òmíràn fún “jókòó”, òmíràn fún “ó tó”, kí gbogbo ará ilé máa lo àmì kan náà, kí ẹ sì fún un ní ẹja díẹ̀ bó bá ṣe é. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tàbí kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti pè é, ẹ má sì fọwọ́ jí i lójú oorun. Kò gbọ́dọ̀ jáde sí títì láìsí okùn, nítorí kò ní í gbọ́ fèrè ọkọ̀.

Ajá tí wárápá ń gbé

Nígbà tí gìrì bá mú un, ẹ sún àga kúrò, ẹ pa iná àti rédíò, kí ẹ sì wo aago. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má rọ ìtọ̀ màlúù, epo tàbí àgbo sí i lọ́fun, nítorí ohun tí a bá rọ sí ẹni tí kò mọ ibi tó wà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni phenobarbital, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, àní bí gìrì kò bá ṣe é fún oṣù púpọ̀, torí dídá a dúró bẹ́ẹ̀ lè fa gìrì tó burú ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ máa ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ti ọ̀sẹ̀ yìí tó tán.

Ajá tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́

Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń sá fún jù lọ, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí, nítorí iṣẹ́ tó ṣeé kọ́ ni.

Nígbà tí eegun ẹ̀yìn bá kán, ajá lè má mọ̀ ìgbà tí ilé ìtọ̀ rẹ̀ kún, kò sì ní í lè tú u jáde. Ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ a máa bàjẹ́ nínú ara, àrùn a sì gun ọ̀nà kíndìnrín lọ. Nítorí náà, ọwọ́ yín ni yóò máa tọ̀ fún un, ní wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ síra wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́ yín pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀ lórí ọwọ́ yín kí ẹ tó dá a ṣe. Ẹ fi orúnkún gbé ìdí ajá náà ró kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì àti ọ̀tún, níwájú itan gan-an, kí ẹ sì rọra wá ohun róbótó kan tó ń sún bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí omi kún. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tún máa jù ú sílẹ̀. Ìtọ̀ yóò kán, yóò sì ṣàn. Ẹ má ṣe ṣíwọ́ títí ọ̀rá náà yóò fi rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín. Bó bá le koko tí ohunkóhun kò jáde, ẹ má fi agbára ṣe é, nítorí ilé ìtọ̀ lè bẹ́. Ìtọ̀ tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, tó dàbí omi ọṣẹ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti dókítà ni lọ́jọ́ náà.

Bíńgò ni mo fi kọ́ ọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wá ilé ìtọ̀ náà tí n kò rí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ajá náà sì yíjú padà, ó ń lá ìgbọ̀nwọ́ mi bí ẹni pé èmi gan-an ni ara mi kò yá. Nígbà tí ó wá tú, orí sálúbàtà mi ni gbogbo rẹ̀ dà sí, inú mi sì dùn débi pé mo pariwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ti tó wa.

Lẹ́yìn ìtọ̀, awọ ara ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ máa yẹ ìdí, ìgbọ̀nwọ́ àti egungun ìbàdí rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ibi tó bá pọ́n lónìí lè di egbò ìdùbúlẹ̀ lọ́la. Fóòmù tó nípọn ni kí ó máa sùn lé, kí ẹ sì máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí mẹ́rin síra wọn bí kò bá lè yíra padà. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìdí rẹ̀ kí ẹ sì nù ún gbẹ dáadáa, nítorí eṣinṣin máa ń yé sí awọ tó tutù, ìdin sì máa ń yára yọ nínú ooru wa. Ìlédìí ọmọdé tí ẹ gé ihò ìrù sí dára nígbà tí àlejò bá wà, ṣùgbọ́n kí ó má wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí kọnkéré, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un.

Kẹ̀kẹ́ ajá tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ páìpù omi lè fi páìpù oníke àti táyà kékeré ara kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe é bí ẹ bá wọn gígùn ara ajá, gíga ìbàdí àti fífẹ̀ àyà rẹ̀ fún un. Kí ẹ̀yìn ajá náà tẹ́jú bó bá wà nínú rẹ̀, kó má tẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì wà níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nípa ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó sanra jù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ; yóò sáré ju yín lọ.

Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé

Lójoojúmọ́, ẹ kọ ohun tó jẹ, ìgbà tó tọ̀ àti ìgbà tó yàgbẹ́, oògùn àti aago rẹ̀, àti ohun kan tó dẹ́rù bà á tàbí tó mú inú rẹ̀ dùn. Ẹ kọ iye tí ẹ ná lóṣù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ó rí i pé ìwé náà ti lè dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bá bi yín nípa ajá náà.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí mo ṣe sí ajá kẹta mi. Wárápá ń gbé e, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní í rí ẹni gbà á, ni mo bá sọ fún àwọn tó wá mú un pé “ara rẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà mìíràn.” Ní ọjọ́ kẹsàn-án, gìrì mú un lóru lójú àwọn ọmọ wọn, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tí wọ́n fi dá a padà sí ẹnu géètì mi. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bo ọ̀ràn náà ló dá ajá padà. Ìdílé tó gbà á lẹ́yìn náà ti wo fídíò gìrì rẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì wà títí di òní.

Wíwá ẹni tí yóò gbà á pátápátá

Ẹ ya àwòrán tó fi ojú rẹ̀ hàn, òmíràn tó fi àbùkù rẹ̀ hàn, àti fídíò kúkúrú tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe ṣáájú, kí ẹ wá sọ ohun tí kò lè ṣe àti iye tó ń ná yín lóṣù.

Àwọn tí yóò pè yín kò ní jẹ́ irú kan náà. Ẹni tó ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ ọgbà, tó fẹ́ so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò bá ajá yìí mu. Ẹni tó bá ń wá ajá fún ìbọ Ògún tàbí fún jíjẹ, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a fi ajá yìí lé yín lọ́wọ́ láti wà láàyè ni, kí ẹ má sì bá a jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun, tó kàn fẹ́ mọ bí ajá náà ṣe tóbi tó àti ìgbà tí òun lè wá gbé e. Ẹni tí mo máa ń fẹ́ràn ni ẹni tó bi mí pé, “Bí mo bá rìnrìn àjò ńkọ́?”

Ẹ lọ wo ilé rẹ̀. Ẹ wo gíga ọgbà, ibi tí ajá yóò sùn, ihò kànga tí kò ní ìdérí, àti ọ̀nà tó jáde sí títì. Ẹ bá ìyá tàbí bàbá àgbà tó wà nílé sọ̀rọ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ló ń wà nílé lọ́sàn-án, ọwọ́ wọn sì ni ìtọ́jú yóò bọ́ sí. Kí ẹni tó fẹ́ gbà á wá sí ilé yín lẹ́ẹ̀mẹta, kó ṣe iṣẹ́ náà lójú yín: kó fún un ní oògùn, kó tẹ ilé ìtọ̀ rẹ̀, kó mú un rìn. Ẹni tí kò bá ráyè wá lẹ́ẹ̀mẹta kò ní í ráyè fún ọdún mẹ́wàá tó kù.

Kí a ti tẹ akọ lọ́dàá, kí a sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí abo kò fi ní í bímọ mọ́, kí ajá tó kúrò lọ́dọ̀ yín, bí dókítà bá rí i pé ara rẹ̀ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ibùdó yóò kọ ìwé àdéhùn tí ẹ ó jọ fọwọ́ sí: ẹni tó gbà á kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi í tọrẹ, bí nǹkan bá sì yí padà, ibùdó ni yóò dá a padà sí.

Ọjọ́ tí yóò lọ

Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí oṣù Kejìlá, nígbà tí báńgà ń dún káàkiri. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló dára, kí ẹni tó gbà á lè wà pẹ̀lú rẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ẹ kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, káàdì àjẹsára àti ìwé kékeré náà fún un, pẹ̀lú aṣọ kan láti orí ibùsùn rẹ̀ tí ẹ kò fọ̀, kí òórùn tó mọ̀ lè bá a dé ibi tí kò mọ̀.

Ẹ pe ìdílé náà ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n kí ẹ má lọ kí ajá náà ní oṣù àkọ́kọ́. Bí ó bá gbóòórùn yín, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ẹnu ọ̀nà dè yín. Ó nira. Èmi sunkún lórí Bíńgò fún ọjọ́ méjì, n kò sì tijú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ kó ẹní àti fóòmù tó kù sí oòrùn, ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ yàrá náà, kí ẹ wá da ìwọ̀n blíìsì kan pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi 30, kí ẹ fi nu gbogbo ibi tí ajá náà dé, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án nù. Ẹ ra ìwé kékeré mìíràn.